Bí Odò Ayúnrẹ́ Ṣe Di Odò Òsì Látórí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ mú wọlé yìí nílò àyè. Orúkọ rẹ̀ nìkan tó yàrá kan. Ọlọ́lájùlọ, Olóyè, Onímọ̀-ẹ̀rọ Philip Dúrósinmí Látórí, Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Àjọ Ìmúdára Àwọn Odò Kéékèèké, ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá gbàgbé “Pátápátá” níbẹ̀, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìyà. Ẹ má bi mí léèrè ẹ̀rọ tó mọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ omi ilé rẹ̀ bàjẹ́, pásítọ̀ ló ránṣẹ́ sí.

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́. Láràárọ̀, kí ó tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ á ti tò sí ẹnu ọ̀nà. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ láti inú mọ́tò, wọ́n á ní, “Ẹ kú ọlá, sà.” Bí ó bá gbé èkejì kalẹ̀, wọ́n á ní, “Ọlá yín á pẹ́, sà.” Lọ́jọ́ kan, agbádá rẹ̀ há mọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò kí ẹsẹ̀ kejì tó balẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ kejì kò ì tíì balẹ̀, ta ló gbọ́dọ̀ kúrò nídìí ìkíni àkọ́kọ́? Inú oòrùn ni wọ́n dúró sí títí akọ̀wé kan fi dákú. Ilé rẹ̀ kọjú sí ọ́fíìsì náà gan-an, títì lásán ló là wọ́n láàárín. Síbẹ̀, mọ́tò mẹ́ta pẹ̀lú sáírìn ni wọ́n fi ń gbé e sọdá.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ James, òun ni Olùrànlọ́wọ́ Pàtàkì fún un. Iṣẹ́ James kò le. Ó kàn ní láti mọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ rò, kí ó tètè sọ ọ́ síta, kí ó sì wá yìn ín fún ọ̀gá rẹ̀ pé ọgbọ́n ọ̀hún jinlẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni tó fi í wá sáyé.

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ ẹ̀rín lásán, bí kì í bá ṣe pé omi àwọn ènìyàn wà lábẹ́ àṣẹ irú ọkùnrin yìí. Kò sún mọ́ odò rí ju orí afárá lọ. Ẹrẹ̀ ń kó o nírìíra.

Odò kan wà lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, lápá ọ̀nà tó lọ sí Ìkòyí-Ilé. Odò Ayúnrẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn igi ayúnrẹ́ tó ṣíji bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò fẹ̀, kò jìn, ṣùgbọ́n kì í gbẹ. Ẹ̀rọ omi tí ìjọba rì sí àdúgbò náà ti ya aláìlómi láti ọjọ́ pípẹ́, ewúrẹ́ ló ń fi ara họ ọ́. Nítorí náà, odò yìí ni wọ́n ń mu, òun ni wọ́n fi ń sè, òun ni wọ́n fi ń wẹ̀. Òun náà ni Martha, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Ìfẹ́olúwa, fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú tí wọ́n ń tò rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Tákíè. Bí omi yìí bá bàjẹ́, òmíràn kò sí nítòsí. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí Olùdarí Àgbà kò dì í mú ní tirẹ̀.

Ẹnì kan wà tó fẹ́ràn odò náà ju bó ṣe yẹ lọ, Dókítà Safurat Abdulkareem, olùkọ́ ní yunifásítì. Ohun tó fi ayé rẹ̀ kọ́ ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ìn-tín aláwọ̀ aró àti ewé tó ń gbé inú odò, àwọn tó máa ń mú òkúta yọ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ìmọ̀ ìṣègùn lọmọ òun ń kọ́, nítorí ojú ń tì í láti sọ pé ìdọ̀tí orí òkúta ni. Nígbà tí Safurat rí i pé àwọn eléèédú ti ń dójú sọ àwọn igi ayúnrẹ́, ó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́, ó ní kí Àjọ fòfin de gígé igi létí odò. Ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìyẹn lọ. Olùdarí Àgbà ní òun á kọ́kọ́ lọ fojú ara òun rí i.

Ó lọ lóòótọ́. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sórí ẹrẹ̀ fún un, ó sì dúró lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Safurat wọ bàtà òjò, ó bọ́ sínú omi, ó gbé òkúta kan sókè.

“Ẹ wò ó, sà,” ó ní. “Ojú lásán rí i bí ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n bí ìlú ló ṣe rí. Oríṣiríṣi ló ń gbé ibẹ̀. Èyí tó dì bí omi ilá yìí wà lọ́tọ̀. Èyí tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ òkúta yìí wà lọ́tọ̀. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń léfòó, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ níbí, torí omi ń sáré, wọn ò ríbi dúró. Òjìji igi yìí ló ń bá wa wọn oòrùn fún gbogbo wọn. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí ẹyọ kan jọba lé ìyókù lórí. Tí ẹ bá gé igi, tí ẹ dá omi dúró, tí ẹ tún wá da ajílẹ̀ sí i, àwọn tó ń léfòó yẹn, tí wọ́n ní májèlé nínú, ló máa gba gbogbo odò.”

Olùdarí Àgbà ti ń yán, àfi ìgbà tó gbọ́ “jọba” ni ojú rẹ̀ là.

“Ta ni olórí wọn?” ó bèèrè.

“Wọn ò lólórí, sà.”

“Kò sí ìlú tí kò lólórí, Madam.”

“Ọ̀rọ̀ àgbà,” ni James wí, ó sì ṣe bí ẹni fẹ́ wólẹ̀.

Safurat mí kanlẹ̀. Ó na ìka sí ohun kan tó rí bí òwú tí wọ́n rẹ láró, tó bo ẹ̀gbẹ́ òkúta náà. “Èyí ló pọ̀ jù níbí, sà. Ọsilatóríà la máa ń pè é.”

Olùdarí Àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀. “Tún un pè.”

“Ọsilatóríà.”

“Òsì Látórí,” ni ó wí jẹ́jẹ́. Ó tún wí i, ó fi ọwọ́ bo àyà. “Òsì Látórí. Ta ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn?”

“Òyìnbó ni, sà. Ó ti pẹ́.”

“Ẹ gbọ́ o. Òyìnbó ni. Ó ti pẹ́.” Omi lé ròrò lójú rẹ̀. “Bàbá tó bí bàbá mi ni Látórí. Mo máa ń gbọ́ ọ nínú ilé wa ní Ọ̀yọ́ pé Òsì ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó ti máa ń ṣe mí bíi pé oyè ńlá ni, kò kàn sẹ́ni tó là mí lóye.”

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé Òsì jẹ́ oyè ní ilẹ̀ wa, oyè ẹni tó ń jókòó lápá òsì ọba tàbí ti balógun. Ohun tí ẹ kò gbọ́ rí ni pé òyìnbó kan wá láti òkè òkun láti fi oyè ẹni ẹlẹ́ni sọ ohun tó lẹ̀ mọ́ òkúta lórúkọ.

“Sà, kì í ṣe orúkọ èèyàn,” ni Safurat wí. “Ó máa ń fì síwá, fì sẹ́yìn ni, ìdí tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn.”

“Ọlọ́lájùlọ,” ni James wí, “ṣé bí bàbá wa ṣe ń rìn kọ́ nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń rìn,” ni Olùdarí Àgbà dáhùn, ẹni tó jẹ́ pé bàbá náà ti kú kí wọ́n tó bí i.

Bí wọ́n ṣe gbé máíìkì fún un nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò ti pé jọ, nítorí sáírìn kì í sábàá dé ọ̀dọ̀ wọn àfi tí olè bá jà. Ó fi ahọ́n la ètè.

“Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́,” ó ní, “ẹ̀yin tí Ẹlẹ́dàá yọ́nú sí, tí ẹ fi ẹsẹ̀ lásán ń tẹ baba ńlá mi mọ́lẹ̀ láti ọdún yìí wá láìmọ̀. Mo dárí jì yín. Odò kì í ṣàn kó gbàgbé ìsun rẹ̀. Èmi ni ìsun. Láti òní lọ, kò sí Odò Ayúnrẹ́ mọ́. Igi ni ayúnrẹ́, a kì í fi igi sọ odò lórúkọ nígbà tí èèyàn wà. Odò Òsì Látórí nìyí. Mo pàṣẹ kí wọ́n gé gbogbo igi tó ń dí oòrùn mọ́ bàbá mi lójú. Mo pàṣẹ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ odi dí odò yìí, torí kò yẹ kí omi máa sáré níwájú àgbà. Mo pàṣẹ kí wọ́n máa da ajílẹ̀ òyìnbó sínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí bàbá mi má fi ebi sùn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ha òkúta mọ́. Obìnrin tó bá wá pọnmi, kó kúnlẹ̀ kí bàbá mi kó tó bu ú.”

James pàtẹ́wọ́ títí aago ọwọ́ rẹ̀ fi já bọ́ sódò.

“Sà,” ni Safurat wí, “gbogbo ohun tí mo ní kí ẹ má ṣe lẹ kà tán yẹn.”

Ìyá Ìfẹ́olúwa wá síwájú, ó fi orúnkún kan kan ilẹ̀. “Ẹ kú ọ̀rọ̀, sà. Ẹ forí jìn mí. Níbo la ó ti máa rí omi bù?”

“Omi?” Olùdarí Àgbà wò ó bí ẹni tó jí i lójú oorun. “Ìyá, mò ń sọ ìtàn, ẹ ń sọ omi?”

“A ò lè fi ìtàn rẹ ẹ̀gẹ́, sà.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Olùdarí Àgbà rò pé òun ni wọ́n ń bá yọ̀, ó juwọ́ sí wọn, ó sì wọ mọ́tò.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìjọba wa kì í pẹ́ nídìí iṣẹ́ tí kò dára. Odi tí wọ́n ti ń bẹ̀ fún láti gba ilé ìwé àdúgbò náà lọ́wọ́ àgbàrá kò dìde títí dòní, ṣùgbọ́n odi Òsì Látórí dìde wéré. Wọ́n gé àwọn ayúnrẹ́ náà lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn eléèédú tí Safurat bá wí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Oòrùn wá balẹ̀ sórí omi tí kò lọ sí ibì kankan mọ́. Ajílẹ̀ dé, wọ́n dà á sí i. Àwọn tó ń léfòó, tí wọn kò ríbi dúró látijọ́, wá rí ààyè, wọ́n rí oúnjẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i. Omi kọ́kọ́ ní ìlà aláwọ̀ ewé bíi mélòó kan létí. Nígbà tó yá ó ki bí ọ̀dà, ó ń rùn, ẹja kéékèèké yí ikùn sókè.

Ìyá Ìfẹ́olúwa rẹ ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fùfú kúkú máa ń rùn, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe òórùn fùfú. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Tákíè gbé e padà fún un láìbá a jà, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ mu nínú omi náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọn kò rí òwúrọ̀. Ara àwọn ọmọdé tó wẹ̀ níbẹ̀ sú kùrúkùrú. Ni àwọn obìnrin bá ń rìn lọ sí odò kejì tó jìnnà réré, wọ́n á sì padà pẹ̀lú garawa kan tí wọn kò mọ ohun tí wọn ó kọ́kọ́ fi ṣe.

Safurat kán omi náà sábẹ́ maikirosikópù. Ó wò ó títí, ó tún òmíràn kán. Lẹ́yìn náà ó gbọ̀nà Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ìbínú, ó sì jókòó síwájú ọ́fíìsì títí wọ́n fi jẹ́ kó wọlé.

“Sà, Ọsilatóríà ò sí nínú odò yẹn mọ́,” ó ní. “Orí òkúta, lábẹ́ òjìji, nínú omi tó ń lọ ló ń gbé níbẹ̀. Ẹ ti gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹlòmíì ni, májèlé sì ni. Tí ẹ bá fẹ́ kí n sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé yín, ẹ ti pa bàbá bàbá yín.”

Olùdarí Àgbà yíjú sí James.

“Ohun tí Dókítà ń sọ, Ọlọ́lájùlọ,” ni James wí, “ni pé bàbá ti para dà.”

“Àwọn àgbààgbà máa ń para dà,” ni Olùdarí Àgbà wí, inú rẹ̀ sì dùn.

“Àwọn ewúrẹ́ Ìyá Ìfẹ́olúwa náà ti para dà, sà,” ni Safurat wí. Ó dìde, ó jáde, kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ayẹyẹ ṣíṣí odò ló kù. Olùdarí Àgbà fìwé pe Gómìnà. Gómìnà rán aṣojú. Wọ́n ní kí ayàwòrán kan ní Ọ̀yọ́ kọ pátákó gàgàrà kan. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó fi àmì sí orí lẹ́tà, ó fi sí ìsàlẹ̀ ibi tó yẹ. Olùdarí Àgbà wò ó, ó yọ ṣùtì. Ó ní àwọn àmì tótòtó wọ̀nyí dà bí ìgbẹ́ eṣinṣin lórí orúkọ bàbá òun, kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, kí ó dá ṣáká. Ẹ rántí pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan kò tì í.

Ọjọ́ pé. James ti da lọ́fínńdà sí etí odò láti àárọ̀, òórùn méjèèjì sì para pọ̀ di ẹ̀kẹta tí kò lórúkọ. Àwọn èèyàn pàtàkì jókòó, aṣọ ìnujú wà nímú wọn. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ ilé ìwé wá láti ka orúkọ náà sókè nígbà tí aṣọ bá ṣí. Aṣojú Gómìnà fa okùn, aṣọ bọ́, lẹ́tà ńlá yọ: ODO OSI LATORI.

Àwọn ọmọ wò ó. Kò sí àmì tí wọ́n lè tẹ̀ lé. Olùkọ́ wọn sì ti kọ́ wọn pé bí àmì kò bá sí, kí wọ́n wo ohun tó wà ní àyíká kí wọ́n tó kà á. Wọ́n wo omi náà. Wọ́n pa ohùn pọ̀, wọ́n sì kà á ketekete: “Odò. Òṣì. Látorí.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ níwájú díẹ̀díẹ̀, àwọn ọlọ́pàá tó ń pariwo kí wọ́n dákẹ́ náà kọ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká wọn ń gbọ̀n.

“Òsì Látórí ni,” ni Olùdarí Àgbà ké. “Oyè ni. Oyè bàbá bàbá mi ni. Ẹ gbé Ìyá wá.”

Ìyá Hajarat ni àbúrò bàbá rẹ̀, òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn ọmọ Látórí. Sáírìn ni wọ́n fi gbé e wá láti Ọ̀yọ́, etí ìyá náà ṣì ń hó. Olùdarí Àgbà fi máíìkì sí i lẹ́nu. “Ìyá, ẹ sọ fún wọn. Oyè wo ni bàbá yín jẹ?”

“Oyè? Bàbá tiwa?” Ìyá Hajarat rò ó. “Wọn ò joyè kankan, Dúró. Àgbẹ̀ ni wọ́n.”

“Òsì tí wọ́n ń pè wọ́n ńkọ́, Ìyá?”

“Háà, ìyẹn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń jẹun. Wọ́n nà wọ́n nà wọ́n ní kékeré, wọn ò jáwọ́. Làwọn ẹgbẹ́ wọn bá sọ ọ́ di orúkọ. Ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe jí mi láti ìdájí?”

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, mo fẹ́ ṣàánú Olùdarí Àgbà díẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n mo rántí àwọn igi náà, àánú ọ̀hún sì gbẹ.

Aṣojú Gómìnà gbọn ọwọ́ sí wọn kí ariwo rọ̀. “Olùdarí Àgbà, ẹ jẹ́ ká fi ti orúkọ sílẹ̀. Omi ọ̀hún ńkọ́? Ṣé àwọn èèyàn ń rí i mu?”

“Omi tó mọ́ gaara ni, sà. Ó ń ṣara lóore. Èmi gan-an fúnra mi—”

Kò parí rẹ̀. Ìyá Ìfẹ́olúwa ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, bí òfin tuntun ṣe wí, pẹ̀lú ife tánganran kan lórí àwo. Ó ti nu ife náà mọ́ tónítóní. Omi inú rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé.

“Ẹ kú àbọ̀, sà,” ó ní. “Ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ wá, a ò fún yín lómi. Ẹ má bínú, kì í ṣe bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.”

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé ire mọ ohun tí èyí jẹ́. Ẹni tó bá kọ omi onílé ti sọ fún gbogbo ayé pé òun mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Olùdarí Àgbà gba ife. Ó wò ó. Ó gbé e fún James. “Ìwọ lo máa ń tọ́ ọ wò fún mi.”

“Mò ń gbààwẹ̀, Ọlọ́lájùlọ,” ni James wí, ẹni tó ti jẹ mọ́ínmọ́ín méjì lójú gbogbo wa láàárọ̀ náà. Ó gbé ife fún agbaṣẹ́ṣe tó mọ odi. Agbaṣẹ́ṣe ní eyín ń dun òun. Ife náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lórí ìjókòó àwọn èèyàn ńlá, kò sí ẹni tó jẹ́ kó kan ètè, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ aṣojú Gómìnà. Òun náà wò ó, ó sì gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́.

Ìyá Ìfẹ́olúwa kò tíì dìde. “Ẹ̀yin tí ẹ ṣe é ò lè mu ún, sà,” ó ní. “Mi ò ní kí ẹ dá ewúrẹ́ mi padà. Omi wa ni kí ẹ dá padà. A ò ní òmíràn.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Aṣojú Gómìnà yíjú sí pátákó, ó kà á jẹ́jẹ́ bí àwọn ọmọ ṣe kà á. “Orí ni ẹja ti ń rà,” ó wí, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó sì lọ.

Rédíò ti ṣáájú Olùdarí Àgbà dé Ọ̀yọ́. Wọ́n ní ìjọba dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ sinmi. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ kó ẹrù rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Kò sí mọ́tò, kò sí sáírìn. Ó dúró létí títì fúnra rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ọlọ́kadà kan sì jágbe mọ́ ọn pé kí bàbá yìí kúrò lọ́nà. Àwọn òṣìṣẹ́ tò sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó dúró, ó ń retí. Kò sí ohùn kankan. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń dúró dè, James ló sì wà níwájú wọn, tó ń tọ́ ọ̀fun rẹ̀ ṣe.

Ní ti odò, ẹnikẹ́ni kò wá tún un ṣe. Àwọn ará àdúgbò ló gbé òòlù, tí wọ́n fọ́ odi náà. Omi tó ti pẹ́ nínú àhámọ́ sáré jáde, òjò sì fọ ìyókù. Safurat àti àwọn obìnrin gbin ayúnrẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n igi kì í gbọ́ àṣẹ, kò tíì ga ju orúnkún lọ. Oòrùn ṣì ń jó ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Ni Ìyá Ìfẹ́olúwa bá ní kí wọ́n bá òun fa pátákó yẹn tu. Wọ́n ri òpó mẹ́rin, wọ́n tẹ́ ẹ lé e lórí, ojú rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀, ó ṣíji bo omi.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, Safurat bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó yí òkúta kan padà. Òwú aláró tín-ín-rín wà níbẹ̀, ó ń fì síwá, ó ń fì sẹ́yìn nínú omi tó ń lọ.

“Ìyá, wọ́n ti padà dé,” ó ní.

“Ta ni?”

“Òsì Látórí.”

Ìyá Ìfẹ́olúwa gbójú sókè wo àwọn lẹ́tà ńlá tó wà lórí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bu omi sí ọwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mu ún. Lẹ́yìn náà ó bu garawa rẹ̀ kún láìkúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó gbé e rù, ó sì lọ rẹ ẹ̀gẹ́.